Ibi Tí Ọmọ Mi Sùn Sí

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ sí Johannesburg. Yunifásítì kan ní Braamfontein gbà á síṣẹ́ olùkọ́, ó sì lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀ kó tó ránṣẹ́ pe èmi àti ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà ni mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo dágbére fún ìyá mi, mo di ẹrù. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé mò ń lọ jẹ ayé.

Oṣù kẹfà la gúnlẹ̀. Nílé, àkókò òjò àti àgbàdo tuntun nìyẹn. Níbẹ̀, òtútù ló pàdé wa, òtútù gbígbẹ tí ń bó èèyàn létè, gbogbo koríko sì ti gbẹ bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Troyeville ni ilé tí ọkọ mi háyà wà, ní òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Àwọn Potogí tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó wà ní ìkóríta. Àwọn yòókù jẹ́ oríṣiríṣi èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọlé bíi tiwa. Ọkọ mi á jáde láàárọ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì, ọmọ á lọ sílé-ìwé, á wá ku èmi àti ògiri.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìkíni ni. Nílé, bí mo bá jókòó lásán, ẹnì kan á kọjá, á kí mi kú ìjókòó. Bí mo bá ń gbálẹ̀, wọ́n á kí mi kú iṣẹ́. Bí mo bá dirun tuntun, wọ́n á kí mi kú ewà. Ní Troyeville, "Sawubona" kan náà ni wọ́n ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń sinmi, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo lè fọ aṣọ ìdìpọ̀ mẹ́ta kí n sá a tán, kò sẹ́ni tó máa rí i lára mi. Nígbà mìíràn, mo máa ń dúró nínú ilé ìdáná, màá sì kí ara mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Ìyá kan wà nílé kejì sí tiwa. Á ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ọmọ Súlù ni, láti ìgbèríko Natal, ó sì ń rán aṣọ ilé-ìwé nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Gogo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí ìyá àgbà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé ló wá kí wa. Mo ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Kí n tó dìde, ó ti kọjá lára mi, ó ti jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mi ò tíì ní kó jókòó. Ó wolẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo wí lọ́kàn mi pé irú àgbà wo lèyí? Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí ó fi dìde tó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí n má jẹ́ kí ìwà tirẹ̀ ba tèmi jẹ́, mo lọ kí i padà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, mo káwọ́ sẹ́yìn, mò ń retí kó ní kí n jókòó. Kò sọ ọ́. Ó ń wò mí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú rẹ̀ le koko. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mo sì padà sílé pẹ̀lú omijé ìbínú lójú.

Ọmọ mi ló tú u fún wa. Ó ti mọ ilé Gogo dáadáa ju èmi lọ, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń lọ ṣa àjákù aṣọ níbẹ̀. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó sì fi òyìnbó bi mí pé kí ló dé tí mo lọ dúró lé Gogo lórí bí ọlọ́pàá. Mo ní, "Ta ló dúró lé e lórí?" Mo fà á lọ́wọ́, a jọ padà lọ.

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé nílé tiwọn, ẹni tó bá wọlé tó dúró gangan lórí onílé, bí ẹni tó wá jà ló rí. Àlejò gbọ́dọ̀ tètè jókòó, kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sì dákẹ́ títí onílé á fi kí i. Èmi náà sọ tiwa fún un, pé àlejò tó bá jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Gogo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Eish, Mama Nàìjíríà! Èmi ń bọ̀wọ̀ fún ọ, ìwọ ń bọ̀wọ̀ fún mi, a sì ń bínú síra wa!"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ẹni tí mò ń lọ bá. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa na ìka kí tákísì tó dúró fún mi. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ní kí n ti sọ̀ kalẹ̀, iná tí ń darí ọkọ̀ lójú pópó ni. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkọ, òun ò pe orúkọ bàbá ọkọ òun rí, kódà bí orúkọ náà bá wọ inú ọ̀rọ̀ mìíràn, òun á wá ọ̀rọ̀ míì fi dípò. Mo ní àwa náà kì í pe orúkọ àwọn ọmọ tí a bá nílé ọkọ, a máa ń sọ wọ́n lórúkọ tuntun ni. Òyìnbó tí àwa méjèèjì ń sọ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó wa.

Ọdún kejì ni mo lóyún. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọbìnrin wa, oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi, nítorí náà mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gogo ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó kàn wo ọrùn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun súwẹ́tà kékeré aláwọ̀ pupa ẹyin. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí n rí i kí ọmọ tó dé. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó fi aṣọ bò ó.

Ọkùnrin la bí. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi mẹ́wàá tí a jọ ń ṣe àdúrà lọ́jọ́ Àìkú péjọ sílé wa, wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, oníkálukú sì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó kan Gogo, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lórí ẹní, ó sọ ọ́ lórúkọ ní èdè tirẹ̀. Ọkọ mi kọ ọ́ mọ́ àwọn orúkọ wa nínú ìwé. Inú ọkọ mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó ń jó láìsí orin.

Ogójì ọjọ́ àti ọjọ́ kan ni ọmọ náà lò.

Ọjọ́ Ajé ló kọ ọmú. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ń jó bí iná, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò. Ọjọ́bọ̀, ní òwúrọ̀, oòrùn ti ń wọlé lójú fèrèsé, nọ́ọ̀sì kan fi ọwọ́ kan èjìká mi. Ó ti ṣẹlẹ̀. Mo ṣì ń mi ọmọ náà jẹ́jẹ́ lápá mi bí ẹni pé ó sùn.

Nígbà tí a délé, méjì nínú àwọn ọkùnrin tí a jọ ń ṣe àdúrà ti wà níta tí wọ́n ń dúró dè wá. Mo mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Iléṣà ni mo dàgbà sí. Mo mọ̀ pé òbí kì í rí sàréè ọmọ. Nígbà tí àbúrò ìyá mi pàdánù ọmọ rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n máa bá a jókòó nínú yàrá, kí àwọn ọkùnrin ilé lè rí àyè ṣe ohun tó yẹ. Ó fẹ́ sá jáde lọ́jọ́ náà, mo di ilẹ̀kùn mú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fara mọ́ ọn, títí ó fi kan èmi fúnra mi.

Àwọn àti ọkọ mi jáde ní nǹkan bí aago méjìlá. Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dé. Mi ò wo ojú ọkọ mi. Bàtà rẹ̀ ni mo wò, bóyá màá rí yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Bàtà náà mọ́ tónítóní.

Àwọn ìyàwó wọn wá bá mi nínú yàrá. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n ń sọ. "Má sunkún mọ́. Òmíràn ń bọ̀ lọ́nà." Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ti sọ fún àwọn ẹlòmíràn rí ni, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n kó aṣọ ọmọ, wọ́n kó ìgò, wọ́n kó ìbora, wọ́n kó súwẹ́tà Gogo mọ́ ọn, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí nǹkan kan nínú ilé mọ́ tó lè jẹ́rìí pé ọmọ kan gbé níbẹ̀, àfi ọmú mi tó ń kún, tó ń rin aṣọ mọ́ mi láyà. Ọkọ mi sọ fún ọmọbìnrin wa pé àbúrò rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọmọ náà fi òyìnbó dáhùn, ó ní ìgbà wo ló máa dé?

Gogo ò sí nílé ní gbogbo àkókò yìí, ó ti lọ sí Natal. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló dé. Ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Gogo wọlé, ó sì jókòó. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó wo yíká yàrá, ó wo àga tó wà nípò rẹ̀, ó wo èmi tí mò ń ká aṣọ.

Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìgbà wo ni ẹ fẹ́ sin ín?"

"A ti sin ín. Lọ́jọ́ náà gan-an."

"Níbo ló sùn sí?"

"Mi ò mọ̀."

Ó rò pé òyìnbó mi ni kò yé òun. Ó tún bi mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ọmọ rẹ. Níbo ló sùn sí?"

"Gogo, mi ò mọ̀. Nílẹ̀ wa, ìyá kì í mọ̀."

Ó wò mí, ó wò mí. Ó dìde, ó sì jáde. Mo ti pinnu pé ó ti kórìíra wa nìyẹn, pé ó ti kà wá sí ẹni tó ń ju ọmọ nù.

Aago mẹ́rin ò tíì lù tán tó tún kan ilẹ̀kùn. Obìnrin mẹ́fà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn da ìborùn bo èjìká. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n kó àga síta, wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì mi sílẹ̀ láàárín yàrá, wọ́n kọjú dígí sí ògiri, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Gogo fi ọwọ́ tẹ̀ mí jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì náà, ó da ìborùn bò mí, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Akwehlanga lungehlanga." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ nìyẹn: ohun tó bá ọ kì í ṣe ohun tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ orin, jẹ́jẹ́, ọ̀kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Orin náà ò yé mi. Ìgbà náà ni mo fi ohùn sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Mo ké bí ẹran. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe wọlé bá wa. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìwé lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ni Gogo wí, "jókòó."

Kò jókòó. Ó fi òyìnbó dídára tó fi ń kọ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi wá. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, a kì í ṣọ̀fọ̀ ọmọ ìkókó báyìí. Ẹni tó bá jókòó sunkún rẹ̀, òmíràn ló ń pè lọ síbi tí èyí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín."

Orin dá. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé àga padà síbi tó wà, ìyẹn ló sì dùn mí jù, bí wọ́n ṣe rọra ń gbé àga náà kí ó má baà dún. Gogo ló kẹ́yìn. Ó dúró níwájú ọkọ mi, ó gbójú sókè wò ó, ó ní, "Ìwọ mọ ibi tó sùn sí, àbí?"

"Ó wà níbi tó yẹ kó wà, mà," ni ọkọ mi fi dá a lóhùn.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo ní, "O lé wọn."

"Mi ò lé ẹnikẹ́ni. Ṣé o fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ pé a tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì nítorí ọmọ ogójì ọjọ́?"

"Níbo ni ẹ gbé e sí?"

"Má bi mí," ló wí. "Èèwọ̀ ni, ìwọ náà mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Má bi mí mọ́ láé."

Mo kọ̀wé sí ìyá mi. Lẹ́tà tirẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọmọ àbúrò mi ló bá a kọ ọ́. Ó ní kí n má wo ẹ̀yìn. Ó ní òun náà sin méjì kó tó kàn mí, òun ò sì mọ ibi tí wọ́n wà títí di òní, Ọlọ́run sì fi mí rọ́pò. Mo ka lẹ́tà náà lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá mi sin ẹnikẹ́ni. Odindi ọmọ méjì, kò sọ ọ́ fún mi rí, àfi nínú lẹ́tà tí ẹlòmíràn bá a kọ.

Oṣù márùn-ún kọjá. Mò ń se oúnjẹ, mò ń fọ aṣọ, mò ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Mò ń sá fún Gogo nítorí ojú ń tì mí. Igi jakaránńdà ti ń ta òdòdó aró sílẹ̀ kiri títì nígbà tí mo tó lè wọ yàrá rẹ̀. Mo tètè jókòó bó ṣe kọ́ mi. Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò wá nítorí tìrẹ nìkan. Mo wá nítorí tèmi."

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó kan ní Johannesburg, ọmọ òun wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Natal. Wọ́n ránṣẹ́ pé ọmọ náà kú. Ìyàwó ilé ní àlejò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kí òun dúró kí àlejò lọ tán. Kí òun tó délé, wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyá òun mú òun lọ síbẹ̀, òun sì sùn sórí yẹ̀pẹ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Gbogbo ìgbà tí òun bá lọ sí Natal, ibẹ̀ ni òun kọ́kọ́ ń lọ kí òun tó wọ ilé. Ó ní, "Nígbà tí o sọ pé o ò mọ̀, mo rò pé wọ́n ti fìyà jẹ ìwọ náà."

Mo ní, "Gogo, ẹ bá mi wá a."

A wọ tákísì lọ́jọ́ kejì. Orúkọ ọkọ mi nìkan la ní lọ́wọ́. Nínú ọ́fíìsì ibi ìsìnkú tó sún mọ́ wa jù, bàbá arúgbó kan ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ wa, ó gbójú sókè.

Ó ní, "Mo rántí yín. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Ọkùnrin mẹ́ta ló wá. Méjì wọlé pẹ̀lú pósí. Ọ̀kan dúró síta ní géètì, ó kọjú sí títì, ó kẹ̀yìn sí wa. Oòrùn ń pa á. Mo lọ bá a pé kó wá wọlé, pé a ti fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ní òun ò lè wọlé. Ó ní òun ni bàbá rẹ̀."

Mo di ọwọ́ Gogo mú. Oṣù márùn-ún ni mo fi bínú sí ọkọ mi pé ó mọ ibi tí ọmọ mi wà, kò sì sọ fún mi. Òun náà ò mọ̀ ju géètì lọ. Bàtà tó mọ́ tónítóní yẹn, nítorí pé kò tẹ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ rárá ni.

Bàbá náà kọ nọ́ńbà ìlà sórí bébà fún wa. Apá ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọmọdé sí ni, lábẹ́ òkè kékeré kan. Lórí ọ̀pọ̀ sàréè, wọ́n to nǹkan ìṣeré sí, ọkọ̀ kékeré, ìgò oúnjẹ ọmọ, bọ́ọ̀lù tí oòrùn ti ṣá. Tiwa ò ní nǹkan kan. Páànù pélébé kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló wà lórí rẹ̀, koríko sì ti hù. Kò gùn ju apá mi lọ.

Gogo kúnlẹ̀, ó pe ọmọ náà ní orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ó ní ìyá rẹ ti dé. Ó wá yí sí mi, ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń kí ọdẹ, mo mọ bí a ṣe ń kí aláró, mo mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀. Mi ò mọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ rẹ̀ nínú sàréè, nítorí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dúró níbẹ̀ rí kó lè sọ ohun tí a lè máa sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko. Mo fà á títí ibẹ̀ fi mọ́.

Mi ò fi pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ mi ṣe jẹun tán, mo ní, "Mo débẹ̀ lónìí."

Ó mọ ibi tí mò ń wí. Ó ní, "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Mo sì gbọ́ pé géètì lo dúró sí."

Ó bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo sún mọ́ ọn. A di ara wa mú lórí àga ilé ìdáná, ọmọ wa sì jáde wá, ó bá wa bẹ́ẹ̀, ó dúró ń wò wá. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa parí sí. Fún bí oṣù méjì, ilé wa tún dùn.

Ṣùgbọ́n oyún tí mo tún ní bàjẹ́. Ọ̀kan tó tẹ̀ lé e bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi gbọ́, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, ó sì ránṣẹ́ pé obìnrin tó bá fi ojú kan sàréè ọmọ, inú rẹ̀ ti di sàréè. Ọkọ mi fa lẹ́tà náà ya níṣojú mi. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn náà, a ń jà lórí nǹkan tí kò tó nǹkan: ọmọ wa ti ń fi òyìnbó dá àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ lóhùn lórí fóònù, ọkọ mi ní èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ló yẹ kí n kọ́ ọ. Mo ní òun ló kó wa wá. Ó wá ní, "Àwọn Súlù rẹ ńkọ́? Ta ló ní kí o lọ wo ohun tí ojú kì í wò? Ṣé o ti rí ohun tó fà?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló gbá ẹnu mú. Ó bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó. Mo ní mo ti gbọ́, kó dìde. A jọ ń gbé lẹ́yìn náà, a jọ ń jẹun, a ò sì ní ìjà kankan mọ́.

Gogo kó padà sí Natal lọ́dún tí gbogbo aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà tò sórí ìlà láti dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dìbò tán, ó ní òun ti ṣe ohun tí òun dúró fún ní Johannesburg. Kó tó lọ, òun àti èmi jọ ń lọ síbi sàréè náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn tó lọ, mò ń dá lọ.

Ní òpin ọdún náà, iṣẹ́ ọkọ mi parí, a sì múra láti padà sílé. Ìyẹn ni mi ò rò tẹ́lẹ̀: pé ilé tí mò ń ṣàárò rẹ̀ látọjọ́ yìí, ọjọ́ tí mo bá padà síbẹ̀ ni màá fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a ń lọ, ẹrù wà nínú ọkọ̀ tí ọkọ mi háyà, ó yà kúrò lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ó sì dúró ní géètì ibi ìsìnkú. Kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Lọ kí i," ló wí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìtọ́kọ̀, ó sì kọjú sí títì.

Ọmọbìnrin wa, tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ní òun ń bá mi lọ. Mo wo bàbá rẹ̀. Ó mi orí pé kó máa lọ. A jọ wọlé, a jọ fa koríko. Mo fẹ́ sọ pé "ó dàbọ̀," ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́, nítorí mi ò ní padà wá, mo sì mọ̀ pé mi ò ní padà wá. Ọmọbìnrin mi lóṣòó, ó fi ọwọ́ kékeré lu yẹ̀pẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ó sì sọ ọ́ ní èdè tí Gogo kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń lọ máa ń sọ fún ẹni tó ń dúró: "Sala kahle." Máa gbé dáadáa.

Nígbà tí a padà wọ ọkọ̀, ọkọ mi ò yíjú. Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ mọ́?"

Mo ní, "Ó mọ́."

Ó wa ọkọ̀ lọ.